Ọjọ́ Tí Eyín Àyọ̀ká Rìn Wọ Igbó

Ẹ jókòó dáadáa. Ẹni tó bá fẹ́ wúkọ́ kó tètè wú u báyìí, nítorí bí mo bá ti bẹ̀rẹ̀, n kò ní dúró de ikọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yin ọmọdé, ẹ sún mọ́ iwájú. Ẹ̀yin àgbà tí ẹ ń ṣe bí ẹni pé ẹ kàn ń kọjá lọ, mo ti rí yín, ẹ wá wábi jókòó sí. Èmi ni Ọdẹ́tókun. Èmi ni mo bá ẹfọ̀n jìjàkadì lẹ́bàá odò títí ẹfọ̀n fi ní kí n jọ̀ọ́, pé àwọn ọmọ òun ń retí òun nílé. Ẹni tí kò bá gbà á gbọ́, kó lọ bi ẹfọ̀n náà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹfọ̀n kọ́ ni mo fẹ́ sọ lónìí. Ọ̀rọ̀ súìtì ni.

Ẹ ń rẹ́rìn-ín. Ẹ rín in tán. Mo ti rí ejò tó gbé ewúrẹ́ mì tìwotìwo, mo ti rí iwin tí ojú rẹ̀ wà ní àtẹ́lẹsẹ̀, kò sí èyí tó fìyà jẹ mí tó súìtì nínú wọn.

Ẹ̀yin ọmọ Àpáta-Ẹgà mọ Ọdún Igbákún, ṣùgbọ́n mo rí àlejò méjì lẹ́yìn níbẹ̀ yẹn, ẹ jẹ́ kí n là á fún wọn. Lọ́jọ́ ọdún náà, ọmọ kọ̀ọ̀kan a gbé igbá kékeré, a máa ti ilé dé ilé, onílé a sì fi ohun dídùn sí i. Láyé àwọn baba wa, àádùn ni wọ́n ń fi sí i, àti ìrèké, àti ẹ̀pà. Nígbà tó di ayé tiwa, ọ̀nà mọ́tò dé, súìtì bá mọ́tò wọlé, a bá ní àádùn ti di oúnjẹ òtòṣì. Súìtì nìkan ni gbogbo ilé ń fún ọmọ, nínú ọ̀rá tó ń dán yanran. A tún wá dá àṣà burúkú kan sílẹ̀. Bí àwọn ọmọ bá ti tú súìtì jẹ, iwájú ilé ẹni tó fún wọn ni wọ́n ń da ọ̀rá rẹ̀ sí, a kì í sì í gbá a títí ọjọ́ méje yóò fi pé, kí gbogbo ìlú lè fojú rí ilé tó lawọ́ jù. Onílé tí òkìtì ọ̀rá rẹ̀ bá ga jù ni wọ́n ń yìn. Ewúrẹ́ ń jẹ ọ̀rá kú, gọ́tà ń dí, eyín àwọn ọmọ ń dúdú, àwa ń kí ara wa kú ọdún.

Ta ló síwájú nínú ìwà òmùgọ̀ yìí? Èmi ni. Èmi àti Láṣebìkan, aládùúgbò mi tó ń ra kòkó, la jọ ń figagbága. Ọdún tí mò ń wí yìí, Láṣebìkan ra àpò súìtì méjì. Mo ta awọ ẹkùn mi, mo ra mẹ́rin.

Àyọ̀ká ni ọmọ tí ọmọ mi ọkùnrin bí. Baba rẹ̀ ti kú kí wọ́n tó bí i, èmi àti ìyá rẹ̀ la jọ ń tọ́ ọ nílé mi, ọmọ ọdún mẹ́fà sì ni nígbà náà. Lọ́sàn-án ọjọ́ ọdún, tọ́fì lẹ̀ mọ́ eyín iwájú rẹ̀, ó fà á, eyín bá tọ́fì jáde. Ó sáré tọ̀ mí wá, ó kúnlẹ̀, ó kó eyín náà àti òkúta wẹ́wẹ́ méje síwájú mi. Ẹ mọ ohun tó wá fẹ́. Bí eyín ọmọ bá yọ, àgbà ilé a bá a kó o pọ̀ mọ́ òkúta, a bá a jù ú sórí òrùlé, a sì gbàdúrà pé kí alángbá má rí i, nítorí eyín tí alángbá bá rí, kò ní í hù mọ́. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú kan péré ni. Ṣùgbọ́n ojú mi ò kúrò lára òkìtì Láṣebìkan ní òdìkejì ọ̀nà, mò ń wò ó bóyá ó ti ga ju tèmi lọ. Mo gba eyín lọ́wọ́ ọmọ, mo fi ọ̀rá tọ́fì wé e, mo jù ú sórí òkìtì tèmi, mo ní kó lọ ṣeré, pé tó bá dọ̀la a ó jù ú sórí òrùlé.

Ọmọ náà kò dìde. Ó ní, "Bàbá, alángbá ń bẹ níbẹ̀ o."

Mo ní kò sí alángbá kankan. N kò tilẹ̀ yíjú wò ó. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi wà lọ́jà, orí ọmọ tèmi wọ́ lójú mi.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, igbe ìyá rẹ̀ ló jí mi. Mo bá Àyọ̀ká lórí ẹní, ẹ̀jẹ̀ ti bo àyà rẹ̀, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, eyín ń fò jáde nínú rẹ̀. Ojú mi báyìí ló rí i. Wọ́n ń tu ara wọn lọ́kọ̀ọ̀kan nínú erìgì, wọ́n ń bọ́ sílẹ̀, wọ́n ń tò bí ọmọ iléèwé, wọ́n sì ń rìn jáde gba ẹnu ọ̀nà. Mo tẹ ọ̀kan mọ́lẹ̀, ó bù mí jẹ lábẹ́ ẹsẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. A fún ọmọ ní ẹ̀kọ, ó bì í pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀. A fún un lómi, ó bì í. Ìyá rẹ̀, tí kò sọ̀rọ̀ líle sí mi rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e wọlé mi, dìde dúró.

Ó ní, "Bàbá, ọwọ́ yín lọmọ fi eyín rẹ̀ sí. Ẹ lọ bá mi mú un wá. Ọmọ tí kò jẹ, tí kò mu, ọjọ́ keje rẹ̀ jìnnà."

Mo gbé ìbọn, mo mú àdá, mo ki orín ata bọnu gẹ́gẹ́ bí mo ti máa ń ṣe láràárọ̀, mo tọ ipasẹ̀ eyín wọgbó lọ.

Ẹ má bi mí bí ọ̀nà ti jìn tó. Ọdẹ tó ń ka ìṣísẹ̀, oúnjẹ ẹranko ni. Igbó tí mo kọ́kọ́ wọ̀, ewé kan ṣoṣo kò sí lórí igi rẹ̀. Ọ̀rá súìtì ló so sí gbogbo ẹ̀ka, wọ́n ń dán, wọ́n ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ síra wọn. Egungun ewúrẹ́ kún ilẹ̀, ọ̀rá sì di òkìtì kékeré sí ibi tí ikùn kọ̀ọ̀kan wà tẹ́lẹ̀. Mo dá ewúrẹ́ tèmi kan mọ̀ láàárín wọn nípa okùn ọrùn rẹ̀. Ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Èmi, ọ̀rá ni mo dà síwájú, ọ̀rá náà sì ni mò ń tẹ̀ lọ.

Iwin tó ni igbó náà ń jẹ́ Wémọ́lẹ̀. Kò ní egungun, kò ní ẹ̀jẹ̀, ọ̀rá ni láti orí dé àtàǹpàkò. Ó bi mí pé ta ni mí. Mo ka oríkì mi fún un, mo fi ti ẹfọ̀n kún un. Ó ní òun kò mọ ẹfọ̀n kankan, ṣùgbọ́n òun mọ̀ mí, pé ọwọ́ mi ló bí òun, nítorí náà òun fẹ́ dì mọ́ baba òun. Ó sì dì mọ́ mi. Ó lẹ̀ mọ́ mi lójú, ó dí mi nímú, ó kún mi lẹ́nu. Mo fi àdá gé e sí méjì, méjèèjì dì mọ́ mi. Mo gé wọn sí mẹ́rin, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tún dì mọ́ mi. Etí mi ń hó, ojú mi ti ń ṣú. Nígbà tí mo rí i pé ikú ló kù, mo da ẹ̀tù ìbọn sáyà ara mi, mo ṣáná sí i.

Ẹ wo àyà mi. Ẹ̀yin ọmọdé, ẹ má fọwọ́ kàn án, ẹ kàn wò ó. Iná bú gbàmù, Wémọ́lẹ̀ sì figbe ta. Ó ń yọ́, ó ń kán sí mi lára bí òróró tó ń hó, ibi tó bá kán sí, awọ ibẹ̀ ń bó tẹ̀lé e. Mo nà án mọ́ igi, mo nà án mọ́ òkúta, títí tó fi di ohun dúdú kan tó ń rùn nílẹ̀. Lẹ́yìn náà mo dùbúlẹ̀ sínú eérú, mo sunkún. Kò sí ẹni tó rí mi, ẹ̀yin nìkan ni mo sọ fún. Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, à á máa ríran: níbi tí mo dùbúlẹ̀ sí ni mo ti rí ipasẹ̀ eyín wẹ́ẹ́rẹ́ tó ń lọ síhà ìwọ̀ oòrùn. Ó ku ẹ̀tù ìbọn kan ṣoṣo. Mo dìde.

Àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Ipasẹ̀ náà gbé mi dé ìlú kan tó ń jẹ́ Ọdún-Ò-Tán. Níbẹ̀, ojoojúmọ́ ni ọdún. Ẹni tó pàdé mi lẹ́nu bodè fi kùmọ̀ kí mi léjìká. Mo fi ìdí ìbọn kí i padà ní àgbọ̀n, ó ṣubú, ó dìde, ó ní kú ọdún. Wọ́n rò pé gbogbo àlejò ló ń fi súìtì pamọ́ sára. Ètè gbogbo wọn ti wọlé sínú ẹnu, nítorí kò sí eyín tó lè gbé e ró. Ní gbọ̀ngán ìlú, ìjòyè kan jókòó sórí òrùlé, ó ń da súìtì sílẹ̀ láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, àwọn ará ìlú ń pa ara wọn nísàlẹ̀.

N kò sọ pé wọ́n ń jà. Mo ní wọ́n ń pa ara wọn. Mo rí obìnrin tó fi ọmọ odó ṣẹ́ ọkọ rẹ̀ lápá nítorí súìtì kan. Mo rí tẹ̀gbọ́n tàbúrò tí wọ́n gún ara wọn lọ́bẹ, tí ẹ̀gbọ́n sì ń tú tọ́fì tó wà lọ́wọ́ òkú àbúrò. Mo rí baba kan tó tẹ ọrùn ọmọ rẹ̀ mọ́lẹ̀, tó ń fi ìka wá súìtì lẹ́nu rẹ̀, tí ọmọ ń fi ẹsẹ̀ janlẹ̀. Mo sáré dé ibẹ̀, mo gbá baba náà lẹ́ṣẹ̀ẹ́ títí ìka mi fi bó, ṣùgbọ́n ọmọ ti kú. Baba wo òkú ọmọ, ó wo súìtì, ó tú súìtì, ó jẹ ẹ́. Ó wá kí mi kú ọdún. Ẹ̀jẹ̀ àti ọ̀rá kún ojú ọ̀nà, wọ́n ń rìn lórí wọn lọ, wọ́n ń bọ̀. Ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run ni a máa ń sọ. Níbẹ̀, mo fi ojú mi rí i.

Lábẹ́ igi ọsàn kan ní ẹ̀yìn ìlú, mo rí ìyá arúgbó kan tó dá jókòó. Eyín kan ṣoṣo ló kù lẹ́nu rẹ̀, Eléyínkan sì ni wọ́n ń pè é. Mo dọ̀bálẹ̀, mo kí i, mo bi í bóyá eyín ọmọ kan gba ibẹ̀ kọjá. Ó ní òun kì í fún òmùgọ̀ lésì, pé kí n kọ́kọ́ dáhùn àlọ́ méjì.

Ó ní, "Ogun ọmọkùnrin aláṣọ funfun, inú ilé pupa ni wọ́n ń gbé. Àlejò aládùn kan wọlé tọ̀ wọ́n, ó lé gbogbo wọn jáde. Kí ni?"

Mo ní eyín ni, súìtì sì ni àlejò. Ó ní ìyẹn kò le, pé ìyà ló kọ́ mi.

Ó ní, "Ó wọ ààfin láàárọ̀, ó gbá gbogbo yàrá, kò gba kọ́bọ̀. Nígbà tó ṣe tán, wọ́n sọ ọ́ sóde. Kí ni?"

Mo rò ó títí, n kò mọ̀ ọ́n. Mo ní ẹrú ni, ó mi orí. Mo ní ìgbálẹ̀ ni, ó tún mi orí. Ó wá na ìka sí mi lójú, ó ní, "Ẹnu rẹ ló wà, Ọdẹ́tókun." Mo fọwọ́ kan ẹnu, mo bá orín níbẹ̀.

Ó sọ fún mi pé eyín ọmọ mi kọjá lọ́sàn-án, wọ́n ń lọ sí òkìtì Alángbá. Ó ní ìbọn kò ràn án, àdá kò ràn án, nítorí adùn ti di ìhámọ́ra fún un, pé ohun tó korò nìkan ló ń bẹ̀rù. Ó gún ewúro, ó fi omi rẹ̀ pa mí lára, ó ní ìjàlọ ń bọ̀ ní ìrọ̀lẹ́, kí n má dùbúlẹ̀, kí n má dúró. Mo ní kó jẹ́ ká jọ lọ. Ó ní àwọn ọmọ òun wà ní gbọ̀ngán.

Oòrùn kò tíì wọ̀ tán tí ìjàlọ fi dé. Wọ́n dúdú, wọ́n tẹ́ bí omi, wọ́n ń ṣàn wọ ìlú láti gbogbo ẹnu bodè. Ara àwọn ènìyàn náà ti di ṣúgà pátápátá, ẹ má gbàgbé. Mo pariwo pé kí wọ́n sá. Kò sí ẹni tó sá, nítorí ìjòyè ṣì ń da súìtì. Mo rí baba tó pa ọmọ rẹ̀, ìjàlọ ti gòkè dé itan rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀, ó ń ṣa tọ́fì. Mo di apá rẹ̀ mú, mo fà á, apá tú kúrò léjìká, ó kù sí mi lọ́wọ́, ó sì fọ́ sí wẹ́wẹ́. Nígbà tí ìjàlọ jẹ ìdajì ìlú tán, wọ́n yípadà. Ẹ̀yin ará mi, ohun tó dẹ́rù bà mí jù nìyí: àwọn tó kù dìde, wọ́n gbọn ara wọn nù, wọ́n sì tún na ọwọ́ sókè sí orí òrùlé. Mo sáré kúrò níbẹ̀, n kò bojú wẹ̀yìn.

Òkìtì Alángbá ga ju àpáta tí wọ́n fi sọ ìlú wa lórúkọ lọ. Ọ̀rá ni gbogbo rẹ̀, ọ̀rá gbogbo ìlú tó ń ṣọdún, àti èyí tí èmi àti Láṣebìkan fi ń díje. Alángbá jókòó sí téńté rẹ̀, ó tóbi tó ilé alájà, orí rẹ̀ pupa, ó ń mi orí náà sókè sódò. Ẹ mọ ìyẹn tó já láti orí ìrókò, tó ní bí ẹnikẹ́ni kò bá yin òun, òun á yin ara òun? Eléyìí kò já láti ibì kankan, síbẹ̀ ó ń yin ara rẹ̀. Ó yanu, mo rí eyín àwọn ọmọ ní ọ̀wọ́ méje-méje. Ní iwájú pátápátá, mo rí ti Àyọ̀ká. Mo mọ̀ ọ́n nípa èyí tó ṣẹ́ nígbà tó ṣubú lu odó.

Mo yìnbọn. Ọta lẹ̀ mọ́ erìgì rẹ̀ bíi tọ́fì, ó pọ́n ọn lá. Mo ṣá a ládàá, àdá kọ̀, kò jáde mọ́ nínú ara rẹ̀. Ó fi ìrù gbá mi lẹ́gbẹ̀ẹ́, mo gbọ́ bí egungun ìhà mẹ́ta ṣe ṣẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó gbá mi lẹ́nu, eyín fọ́ sí mi lọ́fun. Ó bu etí òsì mi jẹ, mo gbọ́ bó ti ń jẹ ẹ́. Lẹ́yìn náà ó fi ẹnu gbé mi, ó gbé mi mì dé ìbàdí. Nínú òórùn yẹn, nínú òkùnkùn yẹn, orúkọ Àyọ̀ká nìkan ló wá sí mi lẹ́nu, ìgbà tí mo sì la ẹnu pè é ni orín já bọ́ sí mi lọ́wọ́.

Ẹ wò ó, mo ti fi ọ̀kọ̀ pa erin, ṣùgbọ́n orín ata tí kò gùn ju àtẹ́lẹwọ́ lọ ni mo fi ṣẹ́gun nínú ẹnu Alángbá. Mo di orín mú, mo bẹ̀rẹ̀ sí í rin eyín rẹ̀ fún un. Mo rin ti òkè, mo rin ti ìsàlẹ̀, mo gún erìgì, mo ya ahọ́n. Ata àti kíkorò orín wọ inú egbò tí adùn ti dá sílẹ̀. Ó ké débi pé òkìtì là sí méjì. Ó fi orí gbálẹ̀, ó fi mí gbálẹ̀, n kò fi orín sílẹ̀. Eyín bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́ bí yìnyín, bí wọ́n sì ti ń dé ilẹ̀ ni wọ́n ń sáré lọ sí ilé àwọn ọmọ tó ni wọ́n. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ dà lé mi lórí, ó lẹ̀, ó sì dùn. Ó pọ̀ mí síta. Mo gun ọrùn rẹ̀, mo fa àdá mi yọ, mo fi lé e lọ́fun, níbi tó rọ̀.

Ṣùgbọ́n eyín Àyọ̀ká kò já bọ́. Wọ́n dúró gbọnyin síbẹ̀.

Mo ní kó tú wọn sílẹ̀, bí kò bá fẹ́ kú. Alángbá rẹ́rìn-ín pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ lẹ́nu. Ó ní, "Ti àwọn yòókù, mo jí wọn ni. Tìẹ, ìwọ lo fún mi. O fi ọ̀rá wé e dáadáa, o fi ọwọ́ ara rẹ gbé e fún mi, àwọn yòókù sì tẹ̀lé aṣáájú wọn. Bí o bá pa mí, wọ́n á bá mi kú."

Mo bi í pé kí ló fẹ́. Ó ní eyín ni wọ́n fi ń ra eyín, ọ̀kan fún ọ̀kan, àti pé ọwọ́ tó fi wọ́n sílẹ̀ náà ni yóò yọ owó rẹ̀. Ó tún rán mi létí pé eyín àgbà kì í hù mọ́.

Níbí yìí, n kò ní fọ́nnu. Mo jókòó lórí òkìtì ọ̀rá, mo ṣa òkúta kan, mo bẹ̀rẹ̀ láti iwájú. Èyí àkọ́kọ́, mo rò pé orí mi là. Èkejì, mo pe ìyá mi, tó ti kú ní ogójì ọdún sẹ́yìn. Bí tèmi kan bá ti jáde, ti ọmọ mi kan á fò sínú fìlà mi. Nígbà tí mo kan èkeje, mo dákú, mo jí, mo tún gbé òkúta. Àwọn ti ẹ̀yìn kò fẹ́ jáde, mo fi ojú àdá wa gbòǹgbò wọn. Mo ń bì, mo ń gbẹ́. Ọ̀kan tí mo yọ kẹ́yìn ni mo fi gba eyín tí mo wé sínú ọ̀rá yẹn. Èyí tí òkúta kò mú, ìrù Alángbá ti mú un tẹ́lẹ̀. Nígbà tí mo gbójú sókè, Alángbá ti ki eyín mi bọ ẹnu rẹ̀, ó ń mi orí, ó ń sọ̀ kalẹ̀ lọ. N kò ní agbára tí mo lè fi lé e. Gbogbo alángbá ló da ikùn délẹ̀ láìmọ èyí tí inú ń run, ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí èyí tó ní eyín ọdẹ lẹ́nu, òun nìyẹn. Ó ṣì wà láyé. Eyín mi ló fi ń jẹun.

Ọjọ́ kẹfà ni mo délé. Àyọ̀ká ti gbẹ lórí ẹní, ìyá rẹ̀ ti dẹ́kun igbe, ó kàn ń lé eṣinṣin. Mo tú fìlà. Eyín tò sílẹ̀, wọ́n gun àgbọ̀n ọmọ lọ, wọ́n wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, oníkálukú dúró sí àyè rẹ̀. Èyí àkọ́kọ́ nìkan la mú dání. Mo gbé ọmọ lé èjìká pẹ̀lú ara tó ti fọ́ yìí, ó kó òkúta méje mọ́ ọn, ó jù ú sórí òrùlé fúnra rẹ̀, kí n tó lè ṣubú. Ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹ̀fọn lọ nígbà tó ní ebi ń pa òun. Ìyá rẹ̀ bú sẹ́kún, ó sáré lọ po ẹ̀kọ.

Nígbà tí mo lè rìn, mo lọ sí ìpàdé ìlú. Ọ̀rọ̀ kò já geere lẹ́nu mi mọ́, mo kàn la ẹnu náà fún wọn wò. Láṣebìkan nìkan ló dìde takò mí. Ó ní ọdún tí kò bá sí súìtì, àwọn ọmọ á pe àwọn baba wọn ní ahun. Mo gbé e lulẹ̀, mo gbá a létí, ó fi eékún gbá mi níhà tó ṣẹ́, a jà títí dé iwájú ilé rẹ̀, a jọ yí gbiri nínú ọ̀rá tí wọn kò tíì gbá níbẹ̀. Ibẹ̀ ló ti rí ẹnu mi dáadáa, nítorí abẹ́ mi ni orí rẹ̀ wà. Ọwọ́ rẹ̀ rọ. Ó ní, "Ọdẹ́tókun, ṣé nítorí òkìtì tèmi ni?" Mo ní nítorí tèmi ni. Òun ló kọ́kọ́ mú ìgbálẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Bí Ọdún Igbákún ṣe di bí ẹ ti mọ̀ ọ́n nìyẹn. Ọmọ ń gbé igbá rẹ̀, ilé kọ̀ọ̀kan ń fún un ní ẹyọ ohun kan: àádùn tí a fi ewé wé, tàbí ẹ̀pà, tàbí ọsàn, tàbí gígé ìrèké. Ewúrẹ́ ń jẹ ewé náà, kì í pa á. Ilé tí iwájú rẹ̀ bá mọ́ jù ni à ń yìn, ìdíje tó kù, ìjàkadì àti àlọ́ ni. A kò fi súìtì du ọmọ, a kì í ṣe ìkà: ẹyọ kan lọ́dún, lẹ́yìn náà orín. Ẹni tó bá fẹ́ fún wọn ní odidi àpò, kó wá bá mi jà.

Ọdún àkọ́kọ́ tí a ṣe báyìí, Àyọ̀ká gbé igbá rẹ̀ dé. Ó mú ìrèké inú rẹ̀, ó fi eyín bó o, mo ń gbọ́ bó ti ń dún láàárín eyín rẹ̀, n kò gbọ́ ohun tó dùn létí mi bẹ́ẹ̀ rí. Ó gé gígé kan, ó kúnlẹ̀, ó fi sí mi lọ́wọ́. Mo fi sẹ́nu. Erìgì mi yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún, ìrèké kò gbà. Mo kọjú sí ògiri kí ọmọ má baà rí mi. Ó ti rí mi. Ó gba ìrèké lọ́wọ́ mi, ó lọ gún un lódó, ó fún omi rẹ̀ sínú ife, ó gbé e wá, ó fi ọwọ́ kan gbé àgbọ̀n mi sókè bí ẹni tó ń fún ọmọ lómi.

Ó ní, "Bàbá, ẹ mu ún. Èmi ni mo jẹ ẹ́ fún yín."

Mo mu ún. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ mi, mo ti bá ẹfọ̀n jà, mo ti bọ́ nínú ẹnu Alángbá, kò sí èyí tó dá mi lẹ́kún lójú ènìyàn nínú wọn. Ife ìrèké yẹn ló dá mi lẹ́kún. Mo sunkún lójú ìyá rẹ̀, lójú Láṣebìkan, lójú gbogbo àdúgbò, ọmọ náà sì mú ife dúró ṣinṣin títí mo fi mu ún tán.